ÈÉṢE TÍ Ẹ̀RỌ AMÚLÉTUTÙ KÒ FI MÚ ILÉ TUTÙ MỌ́?

Bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, agogo mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá díẹ̀ ní Ìgbẹ́mọ níhìn-ín. Páànù orí ilé ń ta pàrà-pàrà bí ẹni pé ẹnìkan ń ju ọmọ òkúta lù ú, àwọn ewúrẹ́ sì ti fi ojú títì sílẹ̀ lọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ṣèlérí pé n óò sọ̀rọ̀ lórí ìdí tí ìṣirò fi ń le fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi di ọ̀tá ara wa, ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ẹ́sì, ni ó sì fà á.

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ó ní, "Tíṣà, ẹ́sì kẹ̀? Nínú owó oṣù wo?" Òtítọ́ lẹ sọ. Kì í ṣe owó mi ni a fi rà á. Ìyá wa ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní ọdún 2023. Ìyá tí ó ti ń ru ìrẹsì láti Ìgbẹ́mọ lọ sí Ọjà Ọba ní Adó kí wọ́n tó bí mi, òun náà ni ó di ẹni tí à ń gbé dìde, tí à ń gbé jókòó. Nígbà tí ooru oṣù kẹta dé, ẹni tí ara rẹ̀ le a máa jáde lọ jókòó sábẹ́ igi, ṣùgbọ́n Ìyá kò lè jáde. Ooru sun gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ń bó. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó sọ fún wa pé bí a kò bá wá ọ̀nà mú yàrá náà tutù, egbò yóò dé sí i lára. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi owó ránṣẹ́, mo sì ra ẹ́sì tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀sì kan. Wọ́n kàn án mọ́ ògiri, Ìyá ń sùn fọnfọn, gbogbo wa sì ń dúpẹ́.

Ó pé ọdún kan, ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìwàkiwà. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn o, ṣùgbọ́n atẹ́gùn náà kò yàtọ̀ sí ti fáànù lásán. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tutù díẹ̀. Láti agogo méjìlá títí di márùn-ún, ìyẹn gan-an ìgbà tí a nílò rẹ̀, kò ní tutù mọ́. Tí oòrùn bá wọ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Mo ránṣẹ́ pe onífíríìjì kan láti Adó. Ó dé ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó fọwọ́ kan páìpù, ó mi orí, ó ní, "Gáàsì ti tán, tíṣà." Ó fa gáàsì sí i, ó gba N25,000. Òtútù jáde lálẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sin ín dé ojú títì. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ooru ti padà. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ó tún fi wá, ìrọ̀lẹ́ náà ni, N25,000 náà ni. Nígbà tí ó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti kú, N140,000 ni yóò ná wa.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ ohun gbogbo bí ó ti rí. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti já. Nígbà tó yá, ó ní, "Àbúrò mi, ṣé ẹ̀rọ ni ó ń jẹ owó yìí, àbí ìwọ?"

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n nílẹ̀ òkèèrè, ẹ mọ irú ọ̀rọ̀ tí ìyẹn jẹ́. N kò lè fèsì. Mo lọ jókòó ti Ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Inú mi bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pinnu pé ní ọjọ́ Ajé n óò lọ yá owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa olùkọ́, kí ẹnu lè kúrò lára mi.

Ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹfà ni ó gbà mí lọ́wọ́ gbèsè yẹn. Ó ti lọ kọ́ iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ́sì, ó sì wá kí Ìyá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta nítorí pé òun náà ti jẹ ìrẹsì rẹ̀ rí. Mo ṣàròyé fún un. Ọmọ yìí kò tilẹ̀ ṣí àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: "Sà, ìgbà wo nínú ọjọ́ ló máa ń tutù? Ìgbà wo lẹ fọ asẹ́ inú rẹ̀ kẹ́yìn? Níbo ni ìdajì rẹ̀ tó kù wà?" Mo ní ẹ̀yìnkùlé ni. Ó ní kí a lọ wò ó.

Níbí ni kí n ti jẹ́wọ́. Nígbà tí a kan ẹ́sì yìí, mo gbọ́ pé àwọn olè ń tú ti ìta gbé lọ nítorí bàbà inú rẹ̀. Mo ní kí wẹ́dà ṣe àgò irin yí i ká. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ mo fi ọwọ́ ara mi kan páànù mọ́ àgò náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta àti lórí, kí òjò má baà pa á, mo sì fi pákó gbọọrọ kan dí apá kan iwájú rẹ̀. Mo rò pé ìtọ́jú ni mo ń ṣe. Ẹ tún rántí ibi tí ilé mi wà. Ẹni tó bá ti dé Ìgbẹ́mọ mọ̀ pé ìrẹsì ni orúkọ wa nílẹ̀ Èkìtì. Ilé ẹ̀rọ tí ń bó ìrẹsì kan wà lẹ́yìn ọgbà mi. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ, eruku èèpo ìrẹsì a gbéra, a bo ewé, a bo aṣọ tí a sá, a bo omi inú garawa. Ẹ́sì ìta sì rèé, tí fáànù rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ wọ inú ara rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Nígbà tí ọmọ yìí pa iná tán láti ojú pátákó ńlá tí ó sì tú páànù ẹ̀yìn kúrò, ojú tì mí. Gbogbo àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ínrín tí wọ́n tò bí ojú ewé ìwé ni eruku ìrẹsì ti dí pátápátá. Ó fi ìka họ ọ́, ó sì ká a kúrò lódindi bí ẹni ká ìrun kúrò lára àgùntàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí òun náà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í dá òtútù sílẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń kó ooru inú yàrá lọ síta. Ẹ wo alábàárù tó ń kó ẹrù nínú ṣọ́ọ̀bù lọ sínú mọ́tò. Gáàsì inú páìpù bàbà ni alábàárù yẹn. Ó wọ inú ilé, ó gbé ooru rù, ó jáde, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn ilé, fáànù ìta sì fẹ́ ooru náà lọ, alábàárù wá padà wọlé lọ́wọ́ òfo láti gbé òmíràn. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni ọ̀gá tí ń lé e kiri. Bí ẹ bá wá ti ilẹ̀kùn mọ́tò mọ́ alábàárù ńkọ́? Á gbé ẹrù rẹ̀ padà wọ ṣọ́ọ̀bù ni. Ohun tí mo fi páànù àti pákó ṣe nìyẹn. Ooru tí ẹ̀rọ tú jáde kò rí ibi lọ, ẹ̀rọ tún ń fa ooru kan náà mí sínú. Ní ọ̀sán, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á gbóná kọjá ààlà, nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kí ó má baà jóná á sì pa á fúnra rẹ̀. Fáànù inú ilé kò ní dúró ní tirẹ̀, á máa fẹ́ atẹ́gùn lásán. Bí ìta bá tutù nírọ̀lẹ́, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á tún dìde. Ẹ rí i báyìí pé ìrọ̀lẹ́ tí onífíríìjì àkọ́kọ́ ń wá ni ó tàn wá jẹ. Bí kò bá tilẹ̀ fa nǹkan kan sí i, ì bá tutù lálẹ́ yẹn náà.

(Ní tòótọ́, kì í ṣe nítorí ènìyàn ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ronú irú ẹ̀rọ yìí. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Willis Carrier, ni ó ya ètò rẹ̀ ní ọdún 1902 fún ilé ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ti ń mú bébà wú, tí àwọ̀ àwòrán kò sì bọ́ sójú ibi tó yẹ. Bébà jẹ ìgbádùn yìí kí ó tó kan ọmọ ènìyàn. Mo rò pé ó yẹ kí àwọn tí ń tẹ ìwé ìròyìn mọ èyí.)

Ọ̀rọ̀ gáàsì ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni owó wa ń gbà lọ. Gáàsì ẹ́sì kì í ṣe epo mọ́tò. Ẹ̀rọ kì í jó o, kì í sì í lò ó tán. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń yí ká nínú ara ni òun náà ń yí ká nínú páìpù tí a dì pa. Bí ó bá dín, a jẹ́ pé ibì kan ń jò. Ẹni tó bá fa gáàsì sí i láì wá ibi tó ń jò, omi ni ó ń pọn sínú agbè tó lu. Ní oríkèé páìpù, ibi tí ó ń jò a máa ní òróró díẹ̀ tí eruku lẹ̀ mọ́. Bí a bá fi ìfóòfò ọṣẹ sí i, á hó. Nínú tèmi, kò sí ibì kankan tó ń jò. Gáàsì náà ti pọ̀ jù ni, ìyẹn pàápàá kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù. Ọmọ mi yìí gba gáàsì náà sínú sílíńdà, kò tú u dà sínú afẹ́fẹ́, nítorí pé ó ń ba ojú ọ̀run jẹ́. Ó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde, ó gbé sílíńdà ka orí òṣùwọ̀n, ó sì dá gáàsì padà ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gan-an.

Ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn. Irú gáàsì rẹ̀ wà níbẹ̀: ó lè jẹ́ R-22, ó lè jẹ́ R-410A, ó lè jẹ́ R-32. A kì í pa wọ́n pọ̀ mọ́ra. R-22 ni èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tòkunbọ̀ àtijọ́. Ó wà lára àwọn tí ayé ti fẹnu kò láti fi sílẹ̀, lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Montreal ní ọdún 1987. R-32 lè gbaná. Nítorí náà, bí onífíríìjì bá ní "gáàsì ni gáàsì ń jẹ́," ẹ dá a dúró.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni rárá, ohun tí ọwọ́ yín lè ṣe wà. Ẹ wo rimóòtù ná. Àwòrán yìnyín kékeré ni kí ẹ rí níbẹ̀, kì í ṣe ti fáànù, kì í sì í ṣe ti oòrùn. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Adó jìyà fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì nítorí pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tẹ bọ́tìnì kan. Ẹ fi í sí 24, ó tó. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ sí 16 rò pé yóò yára tutù, ṣùgbọ́n kì í yára, yóò kàn pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Lẹ́yìn èyí ni asẹ́. Ẹ pa iná, ẹ ṣí ojú ẹ̀rọ inú ilé, ẹ óò rí asẹ́ pẹlẹbẹ méjì tí a lè fà yọ. Bí ẹ bá gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ kò rí òdì kejì, ẹ ti bá ọ̀tá. Omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a síbi òjìji kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Oòrùn líle a máa ká a. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni èmi ń fọ tèmi báyìí, nígbà òjò, oṣù kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìyẹ̀fun tàbí èlùbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ́sì wà, ẹ má dúró dé ọ̀sẹ̀ méjì. Asẹ́ tó dí a máa mú kí yìnyín bo irin inú ẹ̀rọ, títí kan páìpù ìta, ènìyàn á sì máa yangàn pé ẹ́sì òun tutù débi pé ó ń dì, kò sì sí atẹ́gùn tó ń jáde. Ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ó yọ́, ẹ fọ asẹ́. Bí yìnyín bá tún padà lẹ́yìn èyí, a jẹ́ pé gáàsì ti dín, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ti ìta, irin tín-ínrín wọ̀nyẹn kò fẹ́ ipá. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi jẹ́jẹ́ ni, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná láti orísun. Ẹ má ṣe fi omi tí ń ta bí ọfà bá a jà, yóò tẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àyè wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Àgò irin mi ṣì wà, olè ṣì wà nílùú, ṣùgbọ́n mo ti tú páànù àti pákó kúrò. Òjò kì í pa á, wọ́n ṣe é fún òjò.

Iná ńkọ́? Fólítì 230 ni ó yẹ kí ó máa wọ ilé wa. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan, mo ti rí i kí ó wálẹ̀ sí 165. Gílóòbù á pọ́n bí ojú ẹni tó ṣàìsàn, fáànù á máa fà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò lè gbéra pẹ̀lú irú iná bẹ́ẹ̀. Á kùn hùn-ùn, á dákẹ́, á tún kùn. Ẹ má jẹ́ kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí, á jóná, nígbà náà ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yóò kú ní tòótọ́. Sítébíláísà tó tóbi tó ẹ̀rọ náà ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí ẹ ń lò fún tẹlifíṣọ̀n. Bí iná bá lọ tó sì dé padà, ẹ jẹ́ kí ó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí ẹ tó tan ẹ́sì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń gbé lọ́wọ́ kan kò lè gbé e. Kí ẹ má dán an wò.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ kò ṣẹ̀, yàrá ni. Họ́ọ̀sì kan ń tó yàrá tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 ní òró àti ní ìbú, tí ó ní àjà. Bí páànù bá wà lórí yín láìsí àjà, tàbí tí fèrèsé jẹ́ lúfà àtijọ́ tí kò pa dé, ẹ ń mú gbogbo àdúgbò tutù ni. Ẹ sì rántí owó iná. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n sọ owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Ìpele A káàkiri Nàìjíríà di N225, láti nǹkan bí N68. Irú ẹ́sì tèmi lè jẹ yúníìtì mẹ́fà ní wákàtí mẹ́jọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín, mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yín.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Nínú ẹ̀rọ ìta, nǹkan rìbìtì kan wà bí agolo mílíìkì, kápásítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ni ó ń ran kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra. Bí ó bá bàjẹ́, ẹ̀rọ á máa kùn lásán, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n sì ti gba owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lọ́wọ́ wọn nítorí kápásítọ̀ tí kò wọ́n. Ẹ béèrè pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i fúnra yín, nítorí iná a máa fara pamọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ẹ̀rọ kúrò lójú iná, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Tí onífíríìjì bá sì parí iṣẹ́, ẹ má wo ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ẹ fi tẹmómítà sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa afẹ́fẹ́, kí ẹ tún fi sí ibi tí ó ti ń fẹ́ ẹ jáde. Dígírì 8 sí 12 ni ó yẹ kí ó wà láàrin méjèèjì. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ sì ṣe é, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́. N kò pe ti àkọ́kọ́ ní olè. Mo rò pé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò kọ́ ọ ju gáàsì lọ. Ṣùgbọ́n N50,000 mi lọ síbẹ̀.

N18,000 ni ọmọ mi gbà, mo sì ní láti bẹ̀ ẹ́ kí ó tó gbà á. Mo ya fọ́tò páànù náà àti eruku ìrẹsì tí a ká kúrò, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ojú ewé tí mo kọ ìnáwó sí. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní mo so ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀gẹ́ olóko. N kò gbọ́ "má bínú" lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, ó béèrè bóyá mo ti san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi.

Ní agogo méjì ọ̀sán àná, mo wọ yàrá Ìyá lọ wo tẹmómítà. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ pè mí súnmọ́ tòsí. Ó ní kí n bá òun fa aṣọ bo ẹsẹ̀.